Fóònù Tó Ń Dún Láti Ìkàrẹ́

Sheffield,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, 2018.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú ìgbà òjò, ẹ kú àmójútó ilé. Ràfíátù àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀ ń gba oníbàárà? Èmi náà wà, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú sí mi. Ràfíátù ti kọ ọ́ sí mi lórí íméèlì pé ẹ ní mo ti di òyìnbó, pé ẹ pè mí títí, n kò gbé e, nígbà tó yá nọ́ńbà náà ò tilẹ̀ lọ mọ́. Òótọ́ ni. Èmi ni mo pa nọ́ńbà náà tì. Kì í ṣe ìgbéraga, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kù.

Láti ọjọ́ tí Bàbá Rufus, àbúrò Màmá, ti pè mí láti Ọ̀kà pé tírélà ti pa ẹ̀gbọ́n mi Suleiman lórí òkè, n kò lè gbọ́ kí fóònù dún kí ara mi gbà á. Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo ń fi ṣíbí bọ́ ìyá arúgbó kan. "Suleiman ti kú" ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí i pé ilé ló ń pè, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, èémí á há mi ní ọ̀fun, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, n óò máa rò pé èmi gan-an ni mo ń kú lọ. Wọ́n ti pe áńbúláǹsì fún mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn mi ni pé ó ti kan Màmá, tàbí ó ti kàn yín. Ó ti wá burú dé ibi pé bí fóònù ẹlòmíràn bá dún nínú bọ́ọ̀sì, màá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ.

Àìsàn ìpayà ni dókítà pè é. Wọ́n fún mi lóògùn, oorun ló ń fún mi. Yunifásítì kan níbí wá ń wá àwọn tó ní irú àìsàn yìí, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ kọ́ ọpọlọ wa bí yóò ṣe máa fara balẹ̀. Wọ́n máa lẹ wáyà mọ́ wa lórí. Mo ti forúkọ sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ máa kọ lẹ́tà sí mi. Lẹ́tà kì í dún. Bí mo bá rí ìkọ̀wé yín lẹ́yìn àpò rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ wà láyé. Títí ìtọ́jú yìí yóò fi parí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já mi láyà.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrátù.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 2018.

Mọ́nsúrátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni lẹ́tà rẹ dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sáláṣí dé ni. Mò ń kà á fún ìyá rẹ, nígbà tí mo kan ibi áńbúláǹsì, ó ní kí n dúró ná, ó wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ti bọ́jú. Ó ní kí n máa kà á lọ.

N kò ní purọ́, mo ti bínú sí ọ. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí bàbá sọ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́run á forí jì mí. Ṣùgbọ́n èwo ni ti wáyà lórí? Ọlálérè tí a jọ jẹ́ tíṣà ní Ugbe, wáyà ni wọ́n fi sí i lórí nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, wọ́n tan iná sí i. Nígbà tó fi máa dé, ó ń béèrè orúkọ ọmọ tó bí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìwọ kì í ṣe wèrè. Kò sí wèrè ní ìdílé bàbá mi, kò sì sí ní ti ìyá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ọ̀kà ni wọ́n.

Rufus ló fà á. Wọn kì í sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ẹni tó wà lájò. Nílẹ̀ wa, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a ó ní ara bàbá kò yá, kó máa bọ̀ nílé. Bó bá dé, yóò bá àwọn àgbà lórí ẹní, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á bi í léèrè ọ̀nà, wọ́n á tó tú u sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Rufus mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló yá jù ú lọ.

Mo kọ hàntú láti inú Kùránì fún ọ sára wàláà, mo fọ̀ ọ́ sínú ìgò, àwọn tó ń bá wa gbé ẹrù lọ sókè òkun ní àwọn kì í gba nǹkan olómi. Ìyá rẹ bá gbé e mu. Mo ní kí ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní bí ẹni tó bíni bá mu ún, yóò dé ara ọmọ.

O ti sọ tìrẹ, èmi náà á ṣe tèmi. Mo ṣèlérí fún ọ, kò sẹ́ni tó máa já ọ láyà láti inú ilé yìí mọ́. Ràfíátù kí ọ. Ìyá rẹ ní ṣé ò ń jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Badmus.


Sheffield,
Ọjọ́ ogún oṣù Kẹwàá, 2018.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àdúrà. Lẹ́tà yín dé, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí a jọ ń gbé wá yọjú wò mí. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé hàntú náà dé ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wáyà náà, kí Bàbá Ọlálérè má baà máa dẹ́rù bà yín. Wọn kì í tan iná sí ẹnikẹ́ni lórí. Ọpọlọ wa fúnra rẹ̀ ló ń mú iná kékeré jáde, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ìgbì omi. Wáyà yẹn kàn ń gbọ́ ọ ni, bí dókítà ṣe ń gbé ohun èlò etí rẹ̀ lé ènìyàn láyà láti gbọ́ bó ṣe ń lù. Helen ni orúkọ obìnrin tó ń ṣe é fún mi. Kò sí ọkùnrin nínú yàrá, mo lè ṣí ìborí mi. Ó fi ìpara tútù kan sí mi lágbárí, ó lẹ wáyà mọ́ ọn, ó wá tan fíìmù sí mi níwájú, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Bí ọkàn mi bá balẹ̀, àwòrán á mọ́lẹ̀ kedere, ohùn á jáde. Bí ìpayà bá ti ń bọ̀, kódà kí èmi fúnra mi tó mọ̀, àwòrán á ṣú, ohùn á lọ sílẹ̀. Èmi ni n óò wá wá ọ̀nà tí n óò fi mú un padà.

Mo bi Helen pé báwo ni wọ́n ṣe ń mú un padà. Ó ní òun kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí Suleiman ń kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ ní pápá ilé ìwé, ó ń pariwo "má ṣubú, má ṣubú", kò sì lè sọ ohun tí mo máa ṣe tí n kò fi ní ṣubú. Ọpọlọ á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ nígbà tó bá yá. Helen kò sì tàn mí. Ó ní àwọn onímọ̀ kan sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àwọn mìíràn ní kò tíì dá àwọn lójú, ìdí tí wọ́n fi ń kó wa jọ nìyẹn.

Ẹja yẹn ti sú mi. Helen ní mo lè mú ohùn tí mo bá fẹ́ràn wá dípò rẹ̀. Ohùn Màmá ni mo fẹ́. Kí Ràfíátù fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí íméèlì mi. Kí Màmá kì mí, kó sọ ohunkóhun tó bá wù ú, ní èdè Ọ̀kà tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Mọ́nsúrátù yín.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, 2018.

Mọ́nsúrátù,

Àsàlámù àlékùn. Ràfíátù ní òun ti fi ohùn náà ránṣẹ́, pé o ti dúpẹ́. Ṣé o mọ̀ pé ìyá rẹ wẹ̀, ó lé tìróò, ó wọ aṣọ Iléyá, kó tó jókòó síwájú fóònù? Mo ní ohùn nìkan ni wọ́n fẹ́, wọn ò ní rí ọ. Ó ní èmi kò mọ nǹkan kan. Ó tún ń béèrè pé ṣé ẹ̀rọ òyìnbó gbọ́ èdè Ọ̀kà. Mo ní èmi tí mo fẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí, n kò gbọ́ ọ tán.

Kò sẹ́ni tó ní kí èmi sọ̀rọ̀ o. Bóyá ohùn tíṣà kì í mú ọkàn ọmọ balẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ lásán ni.

Ìyá rẹ wúkọ́ ní ìparí ohùn náà. Ràfíátù fẹ́ gé e kúrò, ìyá rẹ ní kó fi sílẹ̀, ó ti rẹ òun. Ọyẹ́ ló tètè dé lọ́dún yìí, eruku pọ̀. Mo ti mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n ti fún un lóògùn. Má fi ìyẹn dí ọkàn rẹ lọ́wọ́. Ó ní kí n béèrè pé ṣé ìwọ á lè wá fún Iléyá tó ń bọ̀, pé òun ti ya èlùbọ́ ọkà sọ́tọ̀ fún ọ lára ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì lórí oúnjẹ ti sú mi.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, 2019.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́. N kò gbọ́ nǹkan kan láti ilé látìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, mo ń rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí Helen kọ́kọ́ tan ohùn Màmá sí mi létí, kò tíì pe orúkọ mi tán tí ohùn náà fi rì. Àyà mi ló já, ẹ̀rọ sì ti mọ̀. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, mo ń sunkún, bí mo ṣe ń sunkún ló ń rì sí i. Helen fẹ́ pa á, mo kọ̀. Ní báyìí ó ti ń dúró. Ó máa ń dé ibi tó ti ń bá mi wí pé mo máa ń da omi ẹ̀fọ́ nù. Nígbà mìíràn ó máa ń dé ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Helen ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù dún nínú yàrá kejì nígbà tí ohùn náà bá ń lọ. Ohùn Màmá á rì díẹ̀, màá mú un padà. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń mú un padà.

Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn, Bàbá, mo ti gbọ́ ọ. N kò tíì lè gbọ́ ọ dé òpin, ibẹ̀ ni ohùn náà máa ń rì pátápátá mọ́ mi létí. Kì í ṣe ikọ́ eruku. Àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú ti kọ́ mi ní oríṣi ikọ́. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù tó tóbi ju ti àdúgbò lọ, kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Mọ́nsúrátù.


Ọ̀kà-Àkókó,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Badmus,

Mo kí yín, mo kí àwọn ará ilé. Mo fi ìwé yìí rán awakọ̀ nítorí ẹ kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ tí a ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Limota, ìyá Mọ́nsúrátù.

Níṣojú gbogbo ènìyàn lẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ fi kọ íméèlì sí Mọ́nsúrátù, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ti gbé e mì, nítorí ẹ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n mi ló kú. Èmi ni mo wa mọ́tò gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, apá mi ni orí rẹ̀ wà nígbà tó dákẹ́. Ẹ ní ìlànà Mùsùlùmí la máa fi sin ín, kó tó ìrọ̀lẹ́, mo ní ó dáa. N kò bá yín jiyàn. Èyí ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí.

Ràfíátù sọ fún mi pé ẹ fẹ́ kọ ọ́ sí Mọ́nsúrátù pé ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀kà ni ìyá rẹ̀ wà, tó ń sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ ilé mi kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo sọ ti Suleiman fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ń dùn mí tó. Ẹ̀yin ti wá gba ọ̀nà kejì, ẹ sì rò pé ó sàn ju tèmi lọ. Ohùn òkú ni ọmọ yẹn ń fi wo ara rẹ̀ sàn níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Bó bá wá mọ̀ ńkọ́? Ta ló tún máa gbàgbọ́ nínú wa?

Ẹ kọ òótọ́ sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ ọ́, ẹ mọ̀ ọ́n kọ jù mí lọ.

Àbúrò yín,
Rufus.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, 2019.

Mọ́nsúrátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Má bínú pé èsì mi pẹ́. Ara mi ni kò ṣe déédéé, àárẹ̀ àgbà ni.

A ṣe bí o ti wí. A gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù ńlá ní Ọ̀wọ̀, àwọn dókítà gbìyànjú gan-an. Ikọ́ náà kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó wà ní Ọ̀kà lọ́dọ̀ Rufus, ó ń sinmi, afẹ́fẹ́ òkè dára fún un. Kò sí ohun tí o máa dààmú sí. Tẹ̀ síwájú nínú ìtọ́jú rẹ, inú wa dùn sí i. Jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ sí ọ létí.

Ràfíátù kí ọ. Ọjà kò burú.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 2019.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ kú àárẹ̀. Ọlọ́run á fún yín lágbára. Lẹ́tà yín kúrú tó fi jẹ́ pé mo yí i lẹ́yìn wò bóyá ó kù.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ fún yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Helen gbé fóònù ka orí tábìlì níwájú mi, ó jẹ́ kó dún pẹ̀lú ohùn orin tí tèmi gan-an fi ń dún tẹ́lẹ̀. Wáyà wà lórí mi, ohùn Màmá ń lọ. Mo na ọwọ́, mo gbé e sí etí, mo ní "ẹ ǹlẹ́ o". Ohùn Màmá kò rì. Helen pàtẹ́wọ́. Mo jáde síta, mo rìn gòkè àdúgbò wa, tó ga bí òkè Ọ̀kà, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní làákàyè.

Mo ti ra nọ́ńbà tuntun, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ má tíì pè mí o, èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pè. Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹrin ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹ lọ mú Màmá wá láti Ọ̀kà kó tó dìgbà náà, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Òun ni kẹ́ ẹ fún. Ẹ̀yin á tẹ̀ lé e, ẹ má jowú.

Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, Bàbá. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ sí mi nínú lẹ́tà yín. Kò béèrè bóyá mo ń jẹun. Ṣé ó ń bínú pé n kò tíì sọ bóyá màá wá fún Iléyá? Ẹ sọ fún un pé mo ń bọ̀.

Mọ́nsúrátù.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 2019.

Ọmọ mi Mọ́nsúrátù,

Mo fi lẹ́tà yìí sínú àpò méjì. Mo kọ ọ́ sára ti òde pé kí o gbé e dé ọ̀dọ̀ Helen kó o tó ṣí ti inú. Mo fẹ́ kí ẹnìkan jókòó tì ọ́. N kò rí àgbà kan ní ìlú yẹn tí mo lè rán, Helen nìkan ni mo mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, jẹ́ kó fún ọ lómi mu.

Ìyá rẹ ti kú. Inú oṣù Kìíní ni, ní Ọ̀wọ̀, Rufus wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló kún fún omi. Lẹ́tà tí o fi ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ̀yìn tí a sin ín ló tó dé. A sin ín sí ilé, lábẹ́ igi ọsàn. Kò jìyà pẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ títí o fi máa parí ohun tí ò ń ṣe. Rárá, n kò ní fi ìyẹn bo ara mi. Ó ní kí n má já ọ láyà ni. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ báyẹn, nítorí mo ti ṣèlérí fún ọ, mo sì ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ bá òkú rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọkùnrin mi ti lọ, ìyàwó mi lọ. N kò ní agbára láti sin ìkẹta.

Rufus ní kí n sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bá a jà. Nígbà tí lẹ́tà ayọ̀ rẹ dé, tí mo kà á dé ibi tí o ní ká mú un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo rí i pé ibi tí irọ́ mi lè gbé mi dé ti parí. Ta ni mo fẹ́ gbé fóònù fún?

Ìwọ Helen, jọ̀ọ́, bí o bá lè ka Yorùbá, di ọmọ mi mú fún mi.

Bàbá rẹ,
Badmus.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, 2019.

Bàbá,

Ẹ kú ààwẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣí i. N kò lè dúró de Helen. Àwọn èrò rò pé mo ṣàárẹ̀.

Ràfíátù ti sọ ọjọ́ tó kú gan-an fún mi lórí íméèlì, mo ti ń wo kàlẹ́ńdà láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ tí ẹ ń gbàdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo wà níbi iṣẹ́, mò ń bá àwọn arúgbó kọrin. Nígbà ogójì ọjọ́, mo ra ẹ̀wù tuntun, mo ya fọ́tò, mo ní tí mo bá délé màá fi han Màmá. Gbogbo Ìkàrẹ́ ti sunkún ìyá mi tán, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ti jẹ sàráà rẹ̀, èmi tó bí ń rẹ́rìn-ín gòkè níbí. "Jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ sí ọ létí." Ẹ̀yin lẹ kọ ìyẹn, Bàbá. Ẹ ti sin ín, ẹ ti fọwọ́ nù, ẹ wá kọ ìyẹn.

Mo ní ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já mi láyà. N kò ní kí ẹ gba ẹkún ìyá mi lọ́wọ́ mi. Bàbá Rufus já mi láyà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo bá wọn sunkún Suleiman lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń sunkún rẹ̀.

Ẹ má kọ̀wé sí mi fún ìgbà díẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí mo lè gbà gbọ́ nínú ohun tí ẹ bá kọ.

Mọ́nsúrátù.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà, 2019.

Mọ́nsúrátù,

O ní kí n má kọ̀wé. Mo gbọ́ ọ, mo ṣì kọ ọ́. Nílé ìwé tiwa, ọmọ tó bá ṣe báyìí, a máa nà án.

N kò wá gbèjà ara mi. Ìtúnu ti kọjá, Ràfíátù gbìyànjú láti se oúnjẹ bí ìyá rẹ ṣe ń sè é, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Rufus wá. A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó bá mi tún ilẹ̀ ibi sàréè ìyá rẹ ṣe, ó gbin òdòdó kan sí i. Mo ní Mùsùlùmí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún fi sílẹ̀.

Ràfíátù ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà rẹ sára ògiri. Mo máa ń wò ó bí mo bá ń jẹun. N kò ní pè, àyàfi bí o bá ní kí n pè. O kò jẹ̀bi nǹkan kan. Mo kọ́ ọ ní òótọ́ sísọ láti kékeré, o sì gbà á, èmi ni mo wá kùnà rẹ̀ lójú ogbó.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje, 2019.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú àìríni.

Mo ṣì ń bínú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kí ẹ má fi ohun tí mo fẹ́ sọ rò pé ó ti tán.

Mo parí ìtọ́jú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Helen ní ká ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Ó lẹ wáyà mọ́ mi lórí, fóònù dún títí, ó dún láti ìhín, ó dún láti ọ̀hún, ìlà tó ń yọ lójú ẹ̀rọ kò tilẹ̀ mì. Inú Helen dùn, ó kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí ara wọn ti yá. Mo mọ̀ pé Màmá ti kú, òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò rò ó débẹ̀ pé ikú náà ló fà á tí ìlà náà kò fi mì. N kò sọ ọ́ fún un. Kí ni fóònù tún fẹ́ sọ fún mi tí n kò tíì gbọ́?

Mo ní kó tan ohùn Màmá fún mi kí n tó máa lọ. Ó tàn án. Ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rì lẹ́ẹ̀kan, oríkì, èébú, ẹ̀rín, títí kan ikọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ tán. Mo jókòó síbẹ̀, ó wù mí kó rì, kí n lè rí nǹkan mú padà. Kò rì. Ọkàn mi balẹ̀ bí ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Helen rò pé ayọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Tuesday yìí, mo ń gé àlùbọ́sà, fóònù dún. Ilé ni. Àyà mi já, Bàbá. Èémí há mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ padà bí ẹni pé n kò jókòó sídìí ẹ̀rọ kankan rí. N kò lè gbé e. Ó dún tán, ó pa. Ràfíátù kọ̀wé lẹ́yìn náà pé àṣìtẹ̀ ni, òun ń nu eruku fóònù ni. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ìdáná, ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé Bàbá ni, Bàbá ni, Bàbá ti lọ. Mo ti rò pé ẹ kò já mọ́ nǹkan kan fún mi mọ́.

N kò sọ fún Helen. Bí mo bá sọ fún un, yóò ní ká tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mú ẹ̀rù yìí kúrò lára mi. N kò fẹ́ kí wọ́n mú un kúrò. Ẹ̀yin ló kù tí mo lè bẹ̀rù fún.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí lẹ́tà yìí bá ti dé, lẹ́yìn ìrun. Ọwọ́ mi á gbọ̀n, ó lè pẹ́ kí n tó rí i gbé. Ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kó máa dún.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrátù.